Tí fọ́tò bá ti wà, kí la tún ń tẹ ìwé fún?

Àbúrò kan kọ̀wé sí mi, ó ń ka ìtàn fún máásítàsì ní Pólàndì, ohun tó fẹ́ kọ lé lórí ni bí àwọn onílẹ̀ agbègbè Lwów (ìlú tí wọ́n ń pè ní Lviv báyìí, ní Ukraine) ṣe ń pe ara wọn lẹ́jọ́ ní ọ̀rúndún 15. Olùkọ́ ẹ̀ ní kó kọ́kọ́ lọ jókòó ti àwọn ìwé gbàǹgbà gbàǹgbà kan tí wọ́n tẹ̀ ní Lwów láyé ìjọba Ọ́stríà, Látìn ló kún inú ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọ̀rọ̀ sú u. Ó wá bi mí pé: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí àwọn ará Pólàndì fi ń lo ogún ọdún, ogójì ọdún, lórí pé wọ́n fẹ́ tún ìwé àtijọ́ tẹ̀, nígbà tí fọ́tò ìwé yẹn gan-an ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì? Ṣé iṣẹ́ yìí ṣì ní ọjọ́ iwájú báyìí tí kọ̀ǹpútà ti ń ka ìwé afọwọ́kọ fúnra ẹ̀?”

Àbúrò mi, o kú ìwádìí o. Ìbéèrè rẹ kì í ṣe ìbéèrè ọ̀lẹ, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ibẹ̀ pàápàá ń bá ara wọn fa á, mo sì máa fara balẹ̀ dáhùn ẹ̀ torí ọ̀rọ̀ yìí jẹ mí lọ́kàn gan-an, ó ti pẹ́ tí mo ti ń jẹun nídìí ẹ̀.

Ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ kó o mọ̀ ni pé fọ́tò kì í kàwé fún èèyàn. Fọ́tò á fi bí ìwé ṣe rí hàn ẹ́, ó parí. Ẹni tó bá tẹ ìwé orísun, ìyẹn ìwé àtijọ́ tí àwọn òpìtàn ń gbára lé, jáde ti jókòó tì í, ó ti kà á ní ẹyọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó sì ti fi orúkọ ara ẹ̀ dúró pé: ohun tó wà níbí nìyí, ibí yìí ti pa rẹ́, èyí akọ̀wé ìgbà yẹn ló ṣì í kọ, àdàkọ kejì sọ ọ́ lọ́nà mìíràn, ìkẹta ò tiẹ̀ ní ìlà yìí rárá. Ẹlẹ́rìí ni. O lè bá a jiyàn, o lè sọ pé irọ́ ló pa níbí, àmọ́ o mọ ẹni tí wàá mú.

Jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan ká wò ó dáadáa. Ìwé ìtàn tó lọ́jọ́ lórí jù ní Pólàndì, ẹnì kan tá ò mọ orúkọ ẹ̀ ló kọ ọ́ lédè Látìn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 12, Gallus Anonymus ni wọ́n ń pè é. Èyí tó fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ti sọnù tipẹ́. Àdàkọ mẹ́ta ló kù sílẹ̀: ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní ti Zamoyski, ọ̀rúndún 14 ni wọ́n dà á kọ, Láíbúrérì Orílẹ̀-èdè ní Warsaw ló wà báyìí, ọ̀kan jẹ́ ti Sędziwój, ìkẹta ni ti Heilsberg, àwọn méjèèjì yìí jẹ́ ti ọ̀rúndún 15. Nígbà tí Gottfried Lengnich kọ́kọ́ tẹ ìwé yìí ní Gdańsk lọ́dún 1749, ti Heilsberg ló lò, bẹ́ẹ̀ ti Heilsberg yẹn ni apá tó pọ̀ ti dàwátì nínú ẹ̀. Ká ní fọ́tò Heilsberg nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ lónìí, tó mọ́ roro, tó o lè fà á tóbi bó o ṣe fẹ́, o ò ní mọ̀ láé pé nǹkan kan sọnù.

Ó tún ku. Nínú ìwé yìí kan náà, Gallus mẹ́nu ba bí ọba Bolesław Kejì ṣe pa bíṣọ́ọ̀bù Stanisław ti Kraków lọ́dún 1079. Bíṣọ́ọ̀bù yìí ni ìjọ Kátólíìkì wá sọ di ẹni mímọ́ lọ́dún 1253, òun ni alábòójútó Pólàndì lójú àwọn onígbàgbọ́ ibẹ̀ títí dòní. Ìlà díẹ̀ ni Gallus fi sọ ọ́, ó wá lo ọ̀rọ̀ kan fún bíṣọ́ọ̀bù: traditor. Ṣé ọ̀dàlẹ̀ ló ń pè é ni, àbí ẹni tó kàn takò ọba? Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo o! Nígbà tí Tadeusz Wojciechowski kọ ọ́ lọ́dún 1904 pé ọ̀dàlẹ̀ ni bíṣọ́ọ̀bù náà lóòótọ́, gbogbo ìlú ló gbóná, àwọn àlùfáà dìde sí i, àwọn òpìtàn pín sí méjì, ìjà yẹn ò sì tíì tán pátápátá. Irú ìjà bẹ́ẹ̀, o ò lè dá sí i tí o ò bá ní àtẹ̀jáde tó to àwọn àdàkọ síwájú rẹ ní ìlà-ìlà, bí èyí tí Karol Maleczyński ṣe lọ́dún 1952. Nísàlẹ̀ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ló ti sọ fún ẹ pé lẹ́tà báyìí, Zamoyski kọ ọ́ báyìí, Sędziwój kọ ọ́ báyìí, Heilsberg fò ó.

Ìyẹn ni ti ẹlẹ́rìí. Ìdí kejì wà tí àwọn ará Pólàndì fi ń fọwọ́ pàtàkì mú iṣẹ́ yìí ju bí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ṣe mú un lọ, ìdí yẹn dùn mí láti sọ. Ìwé wọn kì í pẹ́ sọnù. Wọ́n ti jí i, wọ́n ti kó o lọ, wọ́n ti sun ún, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì.

Àwọn ọba gan-an kọ́kọ́ ń bẹ̀rù pé kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Jan Długosz, àlùfáà ní Kraków, tó kú lọ́dún 1480, kọ ìtàn Pólàndì ní apá 12. Nígbà tí ọlọ́lá kan tó ń jẹ́ Herburt bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ ní ìlú Dobromil lọ́dún 1614, apá mẹ́fà àkọ́kọ́ jáde, ọba Zygmunt Kẹta bá ní kó dáwọ́ dúró. Ó di 1711 sí 1712 kí gbogbo ẹ̀ tó jáde pé, ìlú Leipzig ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, ní Jámánì, kì í ṣe Pólàndì pàápàá. Ìwé tí wọ́n kọ sílẹ̀ nílé, ìta ló ti lọ jáde.

Ní ọ̀rúndún 18 àwọn àlùfáà olùkọ́ tí wọ́n ń pè ní Piarist wá gbé iṣẹ́ yìí lérí. Stanisław Konarski bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn òfin ìlú jáde lọ́dún 1732, òun àti Józef Andrzej Załuski ni. Maciej Dogiel, Piarist bíi ti Konarski, fẹ́ tẹ gbogbo àdéhùn tí Pólàndì àti Lithuania ti bá àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ṣe, apá mẹ́jọ ló ní lọ́kàn, mẹ́ta péré ló rí tẹ̀, láàárín 1758 sí 1764. Kí o ṣàkíyèsí èyí, torí bó ṣe ń rí nìyẹn látìgbà yẹn wá: ẹni tó bẹ̀rẹ̀ kì í sábà rí òpin ẹ̀. Lẹ́yìn náà, bíṣọ́ọ̀bù Adam Naruszewicz, tí ọba Stanisław August ń tì lẹ́yìn, kó àwọn akọ̀wé jọ kí wọ́n máa da ìwé àtijọ́ kọ káàkiri. Fáìlì 231 ló kó jọ. 231! Kraków ni wọ́n wà, ní Láíbúrérì Czartoryski, ó sì níye ìwé inú wọn tó jẹ́ pé àdàkọ Naruszewicz nìkan ló kù láyé.

Lẹ́yìn náà ni Rọ́ṣíà, Prussia àti Ọ́stríà pín ilẹ̀ wọn mọ́ ara wọn lọ́wọ́, nígbà tó di 1795 kò sí orílẹ̀-èdè tó ń jẹ́ Pólàndì mọ́ lórí máàpù. Láíbúrérì ńlá tí àwọn Załuski ṣí fún gbogbo ènìyàn ní Warsaw lọ́dún 1747, àwọn ará Rọ́ṣíà di í sínú àpótí, wọ́n kó o lọ sí St. Petersburg. Mo fẹ́ kó o ro ó wò, àbúrò: ìlú tí kò ní ọba, tí kò ní ológun, tí ìwé ẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó gba ilẹ̀ ẹ̀. Kí ló kù tí wọ́n lè ṣe? Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀wé. Tytus Działyński, olówó kan ní Kórnik lẹ́bàá Poznań, lábẹ́ Prussia, fi owó ara ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà àti ìwé ìjọba ayé ọba Zygmunt Kìíní, èyí tí akọ̀wé kan tó ń jẹ́ Stanisław Górski ti kó jọ láti ọ́fíìsì Piotr Tomicki, igbákejì olórí akọ̀wé ìjọba. Acta Tomiciana ni wọ́n pè é. Apá kìíní jáde ní 1852, apá 18 jáde ní 1999, bẹ́ẹ̀ ọdún 1536 péré ni apá 18 yẹn bá a dé, ọba náà sì jẹ títí di 1548. Mo mọ̀ pé èyí ló mú kó o máa bínú, ọdún 147 fún apá 18. Àmọ́ ka iye ogun tó wà láàárín ẹ̀, ka iye ìjọba tó yí padà lórí ilẹ̀ yẹn, kó o wá sọ fún mi bóyá wọ́n lọ́ra.

Ní Lwów, lábẹ́ Ọ́stríà, August Bielowski ló bẹ̀rẹ̀ Monumenta Poloniae Historica lọ́dún 1864, ọ̀wọ́ ìwé tí wọ́n fi ń tẹ àwọn orísun ìtàn Pólàndì jáde. Àwọn ará Jámánì ti ṣáájú wọn, àjọ tiwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ti wà láti 1819, orúkọ tí Bielowski mú jọ tiwọn gan-an, ó fẹ́ fi hàn pé àwa náà ní ìtàn tiwa. Ọkàn ẹ̀ dára, mo sì bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún ẹ, òun náà ṣìṣe o. Lọ́dún 1853 ó tẹ ìwé kan jáde, ó ní òun ti rí àjákù ìwé Pompeius Trogus, òpìtàn Róòmù àtijọ́, nínú àwọn ìwé ìtàn Pólàndì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìfẹ́ ìlú ẹni máa ń bo èèyàn lójú nídìí iṣẹ́ yìí, àwọn kan tiẹ̀ wà tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é: ọkùnrin kan ní ọ̀rúndún 18, Przybysław Dyjamentowski, jókòó sílé ó ń fọwọ́ ara ẹ̀ kọ “ìtàn àtijọ́”, wọ́n sì tẹ ọ̀kan nínú ẹ̀ jáde ní Warsaw lọ́dún 1825 bíi pé ojúlówó ni, àfìgbà tí Joachim Lelewel tú àṣírí ẹ̀. Fọ́tò ìwé ayédèrú á hàn ketekete bíi ti ojúlówó. Ẹni tó mọ ọwọ́ ìkọ̀wé, tó mọ Látìn ìgbà yẹn, tó mọ irú awọ tàbí pépà tí wọ́n ń lò, òun ló lè sọ pé èyí ò rí bẹ́ẹ̀.

Ìwé tí olùkọ́ rẹ ní kó o kà wá ńkọ́, ìyẹn Akta Grodzkie i Ziemskie, Lwów náà ni, 1868 sí 1935, apá 25. Aleksander Stadnicki ló fi owó sílẹ̀ fún un kó tó kú. Xawery Liske ló sì wà nídìí àwọn apá tó máa wúlò fún ẹ jù: apá 11 jẹ́ ti kóòtù Sanok, apá 12 ti Halicz, apá 13 ti Przemyśl, apá 14 ti Lwów gan-an, 1440 sí 1456. Ìwé kóòtù yẹn fúnra wọn, tí wọ́n fọwọ́ kọ, Lviv ní Ukraine ni wọ́n wà báyìí, nínú ilé àwọn àlùfáà Bernardine àtijọ́. Ogun ń lọ níbẹ̀. Ìwọ jókòó sí Pólàndì pẹ̀lú apá 14 lórí tábìlì rẹ, ò ń ka ẹjọ́ tí ẹnì kan pè lọ́dún 1446 lórí màlúù tàbí lórí ààlà ilẹ̀. O ò bẹ ẹnikẹ́ni, o ò sọdá bọ́dà.

Mo fẹ́ sọ ìtàn kan fún ẹ tí mi ò lè sọ láìjẹ́ pé inú mi ń dùn. Lọ́dún 1890 Aleksander Brückner wà ní St. Petersburg, ó ń yẹ àwọn ìwé Látìn tí wọ́n kó láti Pólàndì wò. Ìwé kan wà níbẹ̀ tó ti ìlú Leżajsk wá. Nínú ìdè ìwé yẹn, ibi tí wọ́n gán an pọ̀, ó rí àwọn awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹni tó di ìwé náà gé láti inú ìwé àtijọ́ mìíràn, kó lè fi fún ìdè ẹ̀ lókun, bí ìgbà tí aránṣọ bá gé àkísà láti fi tẹ́ inú kọ́là. Awọ 18. Ọ̀rọ̀ wà lára wọn, èdè Pólàndì sì ni, kì í ṣe Látìn! Wọ́n to awọ tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn pọ̀, ìwàásù ni, ọ̀kan pé, ti ọjọ́ Katarínà mímọ́, márùn-ún yòókù jẹ́ àjákù. Ìparí ọ̀rúndún 13 tàbí ìbẹ̀rẹ̀ 14 ni wọ́n ti kọ ọ́, èyí sì mú un wà lára àkọsílẹ̀ èdè Pólàndì tó lọ́jọ́ lórí jù. Àwọn ará Rọ́ṣíà dá a padà lẹ́yìn àdéhùn Riga ti 1921, ogun Hitler dé, wọ́n gbé e sá lọ sí Kánádà, ó padà sí Warsaw ní 1959. Lọ́dún 1934, kí ogun tó dé, Jan Łoś àti Władysław Semkowicz ti tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú fọ́tò àti ìkàwé ẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ṣé o rí i, ọ̀rọ̀ fọ́tò tó o sọ yẹn, wọ́n ti ń ṣe é tipẹ́, wọn ò kàn fi í sílẹ̀ ní fọ́tò lásán ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1944 ni mi ò fẹ́ kó o gbàgbé láé. Lẹ́yìn tí àwọn ará Warsaw dìde sí àwọn ọmọ ogun Jámánì, àwọn ọmọ ogun yẹn sun ìlú náà. Ilé àkójọ ìwé àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní AGAD jó ní September, ilé àkójọ àwọn ìwé tuntun ti ìjọba jó ní November. Ní October, wọ́n dáná sun láíbúrérì Krasiński ní òpópónà Okólnik, ibi tí wọ́n kó àwọn ìwé afọwọ́kọ tó ṣeyebíye jù ní Warsaw pa mọ́ sí, títí kan ìwé afọwọ́kọ Załuski tí Rọ́ṣíà ṣẹ̀ṣẹ̀ dá padà. Ó lọ, ó bọ̀, ó jóná. Ìwé tí ẹnì kan ti tẹ̀ ṣáájú, tó ti wà ní láíbúrérì Kraków, ní Berlin, ní Paris, ní ibi gbogbo, ìyẹn ṣì wà. Èyí tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn, eérú. Àwọn òpìtàn tó padà sí Warsaw lẹ́yìn ogun mọ ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì ju bí èmi àti ìwọ ṣe lè mọ̀ ọ́n lọ. Ó yé mi ìdí tí wọ́n fi tún bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀: ní 1946, nínú ìyà àti àìsí oúnjẹ, Monumenta ọ̀wọ́ tuntun ti jáde, apá àkọ́kọ́ sì ni ìròyìn Ibrahim ibn Jakub, Júù kan tó rìn dé ilẹ̀ àwọn Slav ní ọ̀rúndún 10, Tadeusz Kowalski ló túmọ̀ ẹ̀ láti Lárúbáwá.

Ọ̀rọ̀ ìlànà bí wọ́n ṣe ń tẹ ìwé orísun ńkọ́? Mi ò ní fi pẹ́. Ọdún 1925 ni wọ́n tẹ ìlànà fún ìwé ayé àárín jáde ní Kraków, 1953 ni Kazimierz Lepszy àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ṣe ti ìwé ọ̀rúndún 16 dé àárín 19, Adam Wolff tún gbé àbá tiẹ̀ jáde ní 1957, ní apá kìíní ìwé ìròyìn ìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní Studia Źródłoznawcze, Ireneusz Ihnatowicz sì ṣe ti ìwé ọ̀rúndún 19 ní 1962. Ohun tí wàá máa rí lójú ìwé ni pé àlàyé nípa bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nínú ìwé afọwọ́kọ, lẹ́tà ni wọ́n fi ń sàmì sí i, a, b, c, àlàyé nípa ta ni ẹni yìí, ìlú wo nìyí, nọ́ńbà ni. Tó o bá ti mọ èyí, ìsàlẹ̀ ojú ìwé ò ní dẹ́rù bà ẹ́ mọ́. Ibi tí mo ti ń bá wọn jiyàn ni pé ìlànà 1953 fàyè gbà wọ́n pé kí wọ́n tún sípẹ́lì èdè Pólàndì àtijọ́ ṣe bíi ti òde òní, ó rọrùn fún òpìtàn lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó ń ṣèwádìí èdè á wá lọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lákọ̀tun. Tí ìwé bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, èèyàn lè fi méjèèjì sí i, kí òǹkàwé tẹ èyí tó bá fẹ́.

Ó yá, ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà wá kàn. Mi ò kórìíra ẹ̀ rárá. Polona, láíbúrérì orí íntánẹ́ẹ̀tì tí Láíbúrérì Orílẹ̀-èdè wọn ṣe, ẹ̀bùn ńlá ni, láti ilé lo ti lè ṣí ìwé tí wọn ò bá jẹ́ kó o fọwọ́ kàn. Softwíà bíi Transkribus lè ka ọwọ́ ìkọ̀wé tí wọ́n bá ti kọ́ ọ, tó bá rí akọ̀wé kan náà fún ojú ìwé ọgọ́rùn-ún, ó máa ń ṣe dáadáa, ó sì lè bá ẹ wá orúkọ èèyàn kan nínú ìwé kóòtù tó o lè fi ọdún kan kà. Ṣùgbọ́n mú pẹ́ńsù kó o wá wo nǹkan kan. Nínú ọwọ́ ìkọ̀wé Gótíìkì, i, n, m àti u, ìlà kúkurú kan náà ni gbogbo wọn, i ò sì ní àmì lórí. Kọ ọ̀rọ̀ Látìn náà, minimum, wàá rí ìlà 15 tó tò tẹ̀lé ara wọn bí ọgbà onígi. Yàtọ̀ sí èyí, akọ̀wé kóòtù kì í fẹ́ fi yíǹkì ṣòfò: p tí wọ́n fa ìlà gba ẹsẹ̀ ẹ̀ já, per ni, p tó ní ìlà lórí, prae ni, p tí ẹsẹ̀ ẹ̀ kọ́ sápá òsì, pro ni. Ẹni tó san owó fún ẹnì kan àti ẹni tó san án nípasẹ̀ ẹnì kan, ìlà tíńtín ló yà wọ́n, nínú ẹjọ́ gbèsè ìlà tíńtín yẹn ni gbogbo ẹjọ́. Ẹ̀rọ á mú ọ̀kan fún ẹ láìmikàn, kò ní sọ fún ẹ pé ó ṣe òun bíi pé èyí ni, kò ní jí lóru kó padà wá yẹ̀ ẹ́ wò.

Torí náà ibi tí mo rí i pé iṣẹ́ yìí ń lọ ni pé ẹ̀rọ á máa ṣe ìkàwé àkọ́kọ́, èèyàn á wá tún un kà, á fi orúkọ sí i. Àwọn kan ti ń ṣe é dáadáa. Yunifásítì Warsaw ti ń kó lẹ́tà Jan Dantyszek sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ọdún pípẹ́, ọkùnrin Gdańsk yìí jẹ́ aṣojú ọba Zygmunt ní ààfin Charles Karùn-ún ní Sípéènì, ó padà di bíṣọ́ọ̀bù Warmia níbi tí Copernicus, onímọ̀ ìràwọ̀, ti jẹ́ kánọ́ọ̀nù (ọ̀kan lára ìgbìmọ̀ kàtídírà) lábẹ́ ẹ̀. Lẹ́tà tó kọ àtèyí tí wọ́n kọ sí i lé ní 6,000. Ṣé ìwé tí wọ́n ń tẹ̀ lápá lápá ló fẹ́ gba ìyẹn? Ó máa dé ọdún 2100. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lẹ́tà tí wọ́n bá parí lónìí á jáde lónìí, tí wọ́n bá rí àṣìṣe lọ́la wọ́n á tún un ṣe. Atlas Fontium, ti Ilé-ẹ̀kọ́ Ìtàn ní Akádẹ́mì wọn, náà ń gbé ìwé kóòtù Wschowa, 1495 sí 1526, síta lọ́nà tó jẹ́ pé fọ́tò ojú ìwé àti ohun tó wà nínú ẹjọ́ jọ wà pọ̀. Lọ wo ìyẹn, àbúrò, torí ó sún mọ́ iṣẹ́ tìrẹ gan-an.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù kì í ṣe kọ̀ǹpútà. Owó ni, àti sùúrù. Láti bí 2010 ni ètò ìjọba wọn kan ti ń fún irú iṣẹ́ yìí lówó, ó dára, àmọ́ owó ọdún márùn-ún ni, iṣẹ́ náà sì jẹ́ ti ogójì ọdún. Ìtàn Długosz tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, àtẹ̀jáde tó pójú owó, 1964 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, 2005 ni apá ìkẹyìn jáde, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ti kú. Ta ló máa fún ẹnikẹ́ni ní ogójì ọdún lónìí? Ọ̀dọ́ tó bá gbọ́n á lọ kọ àpilẹ̀kọ mẹ́ta lọ́dún, á gba iṣẹ́ kíákíá.

Èmi fúnra mi ti jìyà ẹ̀. Ẹgbẹ́ kan, mi ò ní dárúkọ wọn, tẹ àwọn ìwé ẹjọ́ kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó dára gan-an, mo lò ó, mo kọ àdírẹ́sì ẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé nínú iṣẹ́ mi, ibi 17 ni mo ti tọ́ka sí i. Owó wọn tán. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà mo tẹ àdírẹ́sì yẹn, ojú ìwé òfìfo ló ṣí. Mo kọ lẹ́tà sí wọn, wọ́n ní ẹni tó mọ bí nǹkan ọ̀hún ṣe ń ṣiṣẹ́ ti kúrò lọ́dọ̀ àwọn. Títí dòní, ẹni tó bá fẹ́ yẹ iṣẹ́ mi wò níbi 17 yẹn, kò ní rí nǹkan kan. Lọ́jọ́ yẹn gan-an mo na ọwọ́ sí ṣẹ́ẹ̀fù, mo fa Bielowski 1864 yọ, eruku ni mo kàn gbọ̀n kúrò lára ẹ̀, mo sì ń kà á.

Torí náà mo gbà pé méjèèjì ló yẹ kó wà: orí íntánẹ́ẹ̀tì fún wíwá ọ̀rọ̀ àti fún àtúnṣe, pépà fún ọjọ́ tí iná bá kú. Kí wọ́n sì máa tọ́jú fáìlì náà sí ju ibì kan lọ, ní ọ̀nà tí ẹ̀rọ mìíràn lè ṣí láìní softwíà àwọn tó ṣe é. Èyí ò gba ọpọlọ púpọ̀, ó kàn gba pé kí ẹnì kan kọ ọ́ sínú ètò ìnáwó látìbẹ̀rẹ̀ ni.

Tìrẹ wá rèé. Má bá olùkọ́ rẹ jà, gba apá 14 lọ́wọ́ láíbúrérì, kó o sì ṣe báyìí: yan ẹjọ́ márùn-ún péré nínú ẹ̀. Lọ wá fọ́tò ojú ìwé afọwọ́kọ tí wọ́n ti mú wọn, tó o bá rí i. Bo ìwé tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀, kó o ka fọ́tò náà fúnra rẹ, kọ ọ́ síwèé, ibi tí o ò bá mọ̀ fi àmì ìbéèrè sí i. Lẹ́yìn náà kó o ṣí ìwé Liske wò. Ó lè gbà ẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì fún ojú ìwé kan ṣoṣo, kò burú. Wàá rí ibi tí ìwọ ti ṣì í kà, wàá sì lè rí ibi tí àwọn olùtẹ̀wé ọ̀rúndún 19 ti gé nǹkan kúrò torí wọ́n rò pé kò ṣe pàtàkì, wọ́n máa ń gé gan-an, pàápàá ọ̀rọ̀ tó jọ èyí tí wọ́n ti tẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ti èyí tí wọ́n gé yẹn, pe olùkọ́ rẹ síbẹ̀. Tó o bá tọ́ka sí ẹjọ́ kan, kọ nọ́ńbà ẹ̀ nínú apá yẹn, kó o tún kọ nọ́ńbà ìwé kóòtù fúnra ẹ̀ ní Lviv àti ojú ìwé ẹ̀, méjèèjì o, kì í ṣe ọ̀kan. Tí àmì ìbéèrè rẹ bá pọ̀ jù, ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, ká jọ wò ó.